Ìjọba Ìdí-Igi ní Ilé Wa

Bí ẹ bá di mí lójú tí ẹ fà mí wọ ilé wa ní Mùṣín bó ṣe rí nígbà náà, etí mi ni n ó fi mọ̀ pé mo ti délé. Rédíò ni yóò kọ́kọ́ kí mi, kì í sì í ṣe rédíò kan. Bàbá wa ń tún rédíò àti tẹlifíṣàn ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú ilé, ìgbàkígbà tí wọ́n bá sì tún ọ̀kan ṣe tán, wọ́n á tàn án sílẹ̀ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá àìsàn rẹ̀ ti lọ lóòótọ́. Ọ̀kan ń ka ìròyìn, ọ̀kan ń ṣe wáàsí, ọ̀kan ń pariwo bọ́ọ̀lù, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, tó jẹ́ pé bí àlejò bá fẹ́ kí wa, àfi kó wọlé dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ kó tó lanu. Lẹ́yìn rédíò ni ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi, tó ń sáré tó ń dúró, tó ń sáré tó ń dúró. Lẹ́yìn ìyẹn ni ohùn Ìyá Gàníyù, tí wọ́n ń bá ewúrẹ́ aládùúgbò wí bí ẹni ń bá ọmọ ènìyàn wí. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀ ni Ìyálé wa, tí wọn kì í pariwo rárá. Bí Ìyálé bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan péré nínú yàrá wọn, gbogbo ọmọ tó ń sáré ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ á di ẹni tó ń rìn.

Yàrá kọjú sí yàrá ni ilé náà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan ló là á láàárín, pálọ̀ wà níwájú, ilé ìdáná àti kànga wà lẹ́yìn. Bàbá wa ló kọ́ ọ, wọn ò sì fi ọ̀kan nínú àwọn yàrá náà háyà, nítorí pé àwa gan-an ti kún un. Ìyàwó mẹ́ta ni wọ́n fẹ́. Ìyálé, tí orúkọ wọn ń jẹ́ Ìyá Káfáyà, bí ọmọ mẹ́fà. Ìyá Gàníyù bí mẹ́rin. Ìyá mi, ìyàwó kékeré, bí èmi Rísíkátù nìkan, ilẹ̀kùn sì tì. Ní ilé tí ọmọ mọ́kànlá ti ń na ọwọ́ sí àwo, ẹni tó bá jẹ́ ẹyọ kan gbọ́dọ̀ yára. Ní òwúrọ̀ Sátidé, ẹ̀wà àti gàrí la máa ń jẹ, nínú àwo ńlá ńlá tí wọ́n gbé sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ̀wà gbígbóná kí n tó mọ ABD. Àwọn ènìyàn máa ń ṣàánú mi pé mi ò ní ọmọ ìyá. Èmi ò ṣàánú ara mi. Ohun tó ń dùn mí ni pé bí wọ́n bá ti ní kí àwọn ọmọ ilé wá sọ tẹnu wọn, àwọn mẹ́wàá á ti sọ̀rọ̀ tán kí ẹnikẹ́ni tó rántí pé mo wà níbẹ̀.

Àǹtí Káfáyà ni àkọ́bí Bàbá wa. Kí ẹni tó ń ka ìwé yìí má bínú pé "ó" ni mo ń pè é. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n yé pe òun ní "wọ́n" nínú ìwé, pé àgbà ò tíì kan òun. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ó ti jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, ó ń dúró de Yunifásítì tí yóò gbà á, ilé ló sì wà láti àárọ̀ dalẹ́. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Bí a bá ń jà, kì í là wá. Á jókòó tì wá, á máa wò wá, títí tí ìjà ọ̀hún á fi sú wa nítorí pé ojú ń tì wá. Èmi kì í yin ènìyàn lásán, ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí n ka àwọn tí orí wọn pé tí mo ti rí láyé, orúkọ rẹ̀ ni n ó kọ́kọ́ dá.

Oníbàárà kan láti Sábó ló gbé kọ̀ǹpútà wá fún Bàbá wa pé kí wọ́n bá òun tún un ṣe. Bàbá wa ní rédíò làwọn mọ̀, ọkùnrin náà ní kí wọ́n sáà gbìyànjú. Nígbà tí wọ́n fi máa tún un ṣe tán, ó ti ra tuntun, ó ní kí wọ́n fi èyí dá àwọn ọmọ lára yá. Bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ṣe wọ pálọ̀ wa, òun àti jẹnẹrétọ̀ kékeré tí Wàsíù máa ń fa okùn rẹ̀ títí ọrùn rẹ̀ á fi le. Eré kan la bá nínú rẹ̀. Kì í ṣe eré ìbọn àti mọ́tò bí irú èyí tí àwọn ọmọ àdúgbò ń gbá. Àwòrán ayé àtijọ́ ni. Wàá mú ìlú kan níbẹ̀, wàá sì máa ṣàkóso rẹ̀ láti ọ̀rúndún dé ọ̀rúndún: owó orí, ọmọ ogun, ọ̀nà òwò, àdéhùn pẹ̀lú àwọn aládùúgbò. A wá Ọ̀yọ́ títí a fi rí i, láìní àmì ohùn kankan lórí, bí àgbàlagbà tó gbàgbé fìlà sílé. Ògbómọ̀ṣọ́ tiwa ò sí níbẹ̀ rárá, èyí sì dun Bàbá wa fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Wọ́n ní àwọn tó ṣe eré náà ò ṣe ìwádìí tó.

Ohun tí eré náà ń béèrè ju gbogbo rẹ̀ lọ ni irú ìjọba tí ìlú yóò lò. Ọba ni? Ìjọba tí wọ́n ń dìbò sí ni? Àbí kí àwọn olórí ẹ̀sìn máa darí? Wọ́n kọ èrè ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: èyí ń mú owó wọlé, èyí ń fún ọmọ ogun ní ìgboyà, èyí ń dín ọ̀tẹ̀ kù. Bí o bá yan èyí tí kò bá ìlú rẹ mu, ìlú á dìde sí ọ. Wàsíù, tó jẹ́ ọmọkùnrin àgbà fún Bàbá wa, ní ọba ló dára, ẹni tí yóò jẹ ẹ́ sì ti wà níkàlẹ̀. Ó jọba. Kí iná tó lọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ti gbógun ti Tápà, ó gbógun ti Ìbàrìbá, ó tún gbógun ti Dàhòmì. Nígbà tí a ní kó máa bi wá léèrè kó tó bẹ̀rẹ̀ ogun, ó bi wá pé ṣé a ò mọ ìtumọ̀ Kábíyèsí ni. Ọ̀yọ́ fọ́ bí àwo. Gàníyù, tó máa ń ṣe lẹ́mọ́mù fún àwọn kéékèèké ní ilé kéwú, ní ìjọba ẹ̀sìn ló kàn. A mọ ẹni tó ní lọ́kàn, a kọjá lọ.

Ni Àǹtí Káfáyà bá ní kí a yan ìjọba ìdìbò, kí àwa náà sì máa dìbò lórí gbogbo nǹkan, orí-ò-jorí, ọmọ kan, ìbò kan. Ó dùn létí. Àfi ìgbà tí a bẹ̀rẹ̀ tí ojú wa là. Bí ọ̀rọ̀ bá ti délẹ̀, àwọn ọmọ Ìyálé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á wo ojú ara wọn, wọ́n á nawọ́ sókè, ó parí. Mẹ́rin pẹ̀lú ọ̀kan ò lè di mẹ́fà láéláé. Ìbò tèmi dà bí iyọ̀ tí wọ́n sọ sínú ọ̀sà. Gàníyù fara dà á títí, kò lè fara dà á mọ́, ó dìtẹ̀. Eku là ń pe nǹkan kékeré onírù tí a fi ń tẹ ojú kọ̀ǹpútà. Gàníyù yọ eku náà, ó lọ rì í mọ́ inú àpò gàrí nílé ìdáná. Bí àwa ṣe ń pariwo pé eku ti sọnù, kí gbogbo ilé bá wa wá eku, Ìyá Gàníyù mú ìgbálẹ̀ jáde, wọ́n ní ṣebí àwọn ti ń sọ ọ́ pé eku wà nínú ilé yìí. Ìgbà tí wọ́n wá ń bu gàrí tí ọwọ́ wọn kan ìrù rẹ̀, igbe tí wọ́n ké, gbogbo rédíò Bàbá wa ò bò ó mọ́lẹ̀. Ìyálé jáde wá sí pálọ̀. Wọ́n wo kọ̀ǹpútà náà bí ẹni ń wo àlejò tó ti pẹ́ jù. "Bí mo bá tún gbọ́ ariwo kan lórí nǹkan yìí," wọ́n ní, "Bàbá yín á gbé e padà fún ẹni tó ni ín."

Lọ́jọ́ kejì, Àǹtí Káfáyà kó wa jọ sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí a ti ń fọ abọ́. "Ìjọba tuntun ti dé," ó ní. "Ìdí-igi."

"Ìyẹn ò sí nínú gémù," Wàsíù wí.

"Mo mọ̀. Inú ilé wa ló wà. Nínú gémù, ìjọba ìdìbò náà la máa fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ká tó tẹ nǹkankan, ìdí-igi mẹ́ta la ní. Ìyá kan, ohùn kan. Àwa mẹ́fà, ohùn kan. Ọ̀dọ̀ Ìyá Gàníyù, ohùn kan. Rísí, ohùn kan."

"Rísí nìkan?" Wàsíù ju kànrìnkàn sílẹ̀. "Àǹtí mi, ẹ má bínú o, ẹ ti fẹ́ bà á jẹ́. Òun nìkan á wá tó àwa mẹ́fà báwo?"

"Kò tó wa," Àǹtí Káfáyà dáhùn. "Ìyá ẹ̀ ló tó ìyá wa. Àbí ìdá kan nínú mẹ́fà ìyàwó ni Bàbá wa fẹ́ nígbà tí wọ́n fẹ́ Ìyá Rísí?"

Ẹ̀yin tó ń kà á ti mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá fẹ́ pín nǹkan nínú ilé olórogún, wọ́n lè pín in orí-ò-jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀, wọ́n sì lè pín in ní ìdí-igi, kí ìdí ìyá kọ̀ọ̀kan gba ohun tó dọ́gba, kí àwọn ọmọ inú rẹ̀ tó lọ tún tiwọn pín. Orí ogún ni mo ti máa ń gbọ́ kí àwọn àgbà lò ó, ó sì máa ń mú ariwo lọ́wọ́. Àǹtí Káfáyà ni ẹni àkọ́kọ́ tí mo rí tó fi ṣe ìjọba. Wàsíù ráhùn títí a fi fọ abọ́ tán. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, kọ̀ǹpútà sì lè kúrò nílé bí ariwo bá tún sọ, ló bá gbà.

N kò lè ṣàlàyé tán ohun tí ohùn kan ṣoṣo yẹn ṣe fún mi. Tẹ́lẹ̀, mo kàn ń nawọ́ ni, nítorí pé mo mọ̀ pé bí mo nà án bí n kò nà án, ọgbọọgba ni. Ní báyìí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú. Mò ń ro ọ̀rọ̀ Tápà níbi tí mo ti ń pọn omi. Mò ń bi ara mi léèrè bóyá owó orí ti pọ̀ jù fún àwọn ará ìgbèríko. Gàníyù wá bá mi níbi tí mo ti ń bá ìyá mi ṣa bọ́tìnnì, ó ń fi ohùn jẹ́jẹ́ ṣàlàyé fún mi ìdí tó fi yẹ ká ṣí ọ̀nà òwò kan sí òkun. Wàsíù fún mi ní ẹran lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ẹran ni mo wí. Mo jẹ ẹran náà, mo dúpẹ́, mo sì sọ fún un pé ìdí-igi tèmi ò fọwọ́ sí ogun. Ìjà tán nínú pálọ̀ wa, kì í ṣe pé ìfẹ́ ṣàdédé wọlé, ó kàn jẹ́ pé kò sí ẹni tó lè dá borí mọ́, oníkálukú ní láti lọ bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀. Ọ̀yọ́ wa gbòòrò, kò sì sí ọ̀tẹ̀ nínú rẹ̀. Bàbá wa máa ń yọjú láti ṣọ́ọ̀bù, tòun ti irin tí wọ́n fi ń jó òjé lọ́wọ́, wọ́n á ní, "Ẹ̀yin ìjòyè, ìlú ńkọ́?" A ó ní ìlú tòrò. Wọ́n á ní kí Ọlọ́run jẹ́ kó máa tòrò bẹ́ẹ̀, wọ́n á padà sídìí iṣẹ́ wọn.

Lónìí, níbi iṣẹ́ mi ní Yábà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tó ń gbá irú eré bẹ́ẹ̀ lásìkò ìsinmi ọ̀sán. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí fóònù kì í yé jiyàn pé ìjọba wo ló dára jù. Ẹnì kan á ní ti ọba ni, pé ogun lèrè rẹ̀. Ẹnì kan á ní ìjọba ìdìbò ni, pé ọrọ̀ ló ń mú wá. Wọ́n ní ìṣirò tí wọ́n fi ń gbe ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀, irọ́ kọ́ ni wọ́n sì ń pa. Ó bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Àǹtí, ẹ̀yin náà ti gbá a rí, èwo lẹ fara mọ́?" Mo ní èyí tí mo fara mọ́ ò sí nínú àwọn tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ó rò pé mò ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Mo fẹ́ ṣàlàyé fún un, mo rí i pé ọ̀sán kan ò ní tó, mo bá ń jẹ oúnjẹ mi lọ.

Ọdún náà kò tíì parí tí Bàbá wa fi kú. Àìsàn tí wọ́n rò pé ibà lásán ni ló gbé wọn dè, kò sì gbé wọn sílẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ kejì ìsìnkú, mo jí, mo rò pé etí mi ti di. Kò sí rédíò kankan tó ń sọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tó pàṣẹ pé ká pa wọ́n, kò kàn sí ẹni tó máa tàn wọ́n ni. Àwọn àgbà ní baálé ilé kú, ilé di ahoro. Tiwa ò dahoro, ènìyàn kún inú rẹ̀, síbẹ̀ mo mọ ohun tí wọ́n ń wí. Mo sunkún Bàbá wa títí ojú mi fi wú, títí di òní tí mò ń kọ èyí, bí mo bá kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tún rédíò ṣe, mo máa ń dúró díẹ̀.

Ìgbà tí àwọn ìyá wa ṣe opó tán ni ọ̀rọ̀ yàrá bẹ̀rẹ̀. Ìyálé ò bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìkà, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ wọn ti ń dàgbà, Wàsíù ti ń fá irùngbọ̀n, kò yẹ kí òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin tún máa sùn mọ́ra. Ọmọ mẹ́fà fún mọ́ra nínú àyè wọn, èmi àti ìyá mi sì ń dá gbé odindi yàrá. Nílé ìdáná, bí wọ́n ṣe ń ro ọbẹ̀ lọ́wọ́, Ìyálé ní, "Ìyá Rísí, ìwọ àti ọmọ kan ṣoṣo ni. Ẹ̀gbọ́n ẹ, ọmọ ìyá ẹ tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ò lè kọ̀ yín. Jẹ́ kí àwọn ọkùnrin yìí ráyè." Ìyá mi ní, "Ẹ ṣeun, mà." Ìyá mi kì í jà. Ohun tí wọ́n bá fún wọn, wọ́n á gbà á, ohun tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ wọn, wọ́n á jọ̀wọ́ rẹ̀. Wọ́n padà sí yàrá wa, wọ́n bo ẹ̀rọ ìránṣọ wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Mo jókòó sórí ibùsùn, mò ń wo aṣọ mi tó ń wọ inú báàgì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilé ìwé mi, àwọn ọ̀rẹ́ mi, ilé tí wọ́n bí mi sí, Àǹtí Káfáyà: gbogbo rẹ̀ ló ń lọ, ẹnu mi ò sì gba nǹkan kan níbẹ̀.

Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀gbọ́n Bàbá wa tó jẹ́ olórí ẹbí, dé lọ́jọ́ Sátidé láti wá parí ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, wọ́n jókòó sí pálọ̀ láti sinmi, wọ́n sì bá wa nídìí kọ̀ǹpútà. Láti ìgbà tí Bàbá wa ti kú, ọjọ́ náà la kọ́kọ́ tún tàn án. "Kí lẹ̀ ń ṣe níbẹ̀ yẹn?" wọ́n bi wá.

"À ń ṣèjọba ni, Bàbá," Gàníyù dáhùn.

"Ìjọba kẹ̀. Ta lọba?"

"Kò sí ọba, Bàbá. Ìdí-igi là ń lò."

Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ yọ gíláàsì ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún un fi. Wọ́n béèrè ẹni tó fi ìdí-igi kọ́ wa, gbogbo wa nawọ́ sí Àǹtí Káfáyà. "Kí ló ṣe orí-ò-jorí?" wọ́n bi í.

"A ti lò ó, Bàbá, ìlú ò tòrò. Ẹni tó bá ti mọ̀ pé òun ò lè borí láé, kò ní báni gbé ìlú ró. Ó máa lọ gbé eku pamọ́ ni."

"Eku bíi ti báwo?"

A ṣàlàyé ọ̀rọ̀ eku fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń nu ojú, mi ò sì mọ̀ bóyá ẹ̀rín nìkan ló mú omi ojú ọ̀hún wá, nítorí pé àbúrò wọn ni Bàbá wa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè ẹni tó wà ní ìdí-igi kẹta. Mo ní èmi ni. "Ìwọ nìkan?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Wọ́n wò mí, wọ́n wo ọ̀nà yàrá wa níbi tí báàgì ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

Lẹ́yìn ìrun Àlàásárì ọjọ́ Sàńdè ni ìpàdé. Àwọn ìyá wa jókòó sórí àga, àwa ọmọ jókòó sílẹ̀. Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ ṣàdúà, wọ́n ní ogún lọ́tọ̀, ibùgbé lọ́tọ̀. Ti ogún, Ààfáà á bá wa dá sí i lọ́jọ́ rẹ̀. Ẹni tí yóò sùn síbo ni ọ̀rọ̀ tòní. Ìyálé sọ tiwọn, wọ́n sọ ọ́ dáadáa, kò sì sí irọ́ nínú rẹ̀. Ìyá Gàníyù ní àwọn ò ní ohun tí àwọn fẹ́ sọ. Nígbà tó kan ìyá mi, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ní, "Ohun tí ẹ bá sọ náà ni, Bàbá." Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ wá ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò retí. Wọ́n ní, "Káfáyà."

"Ẹ̀n, Bàbá."

"Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ìwọ ni àkọ́bí olóògbé. Bó bá jẹ́ pé ilé yìí ni ìlú tí ẹ̀ ń ṣàkóso lánàá, kí lo máa ṣe sí i?"

Mo rí i tó wo ìyá rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó yé yín: yàrá tó máa fún àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ láyè ni, ìyá tó bí i lọ́mọ ló sì ń béèrè rẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni yóò dára jù fún un. Ó yí sí Ìyálé, ó kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ forí jì mí," ó ní. Ó wá yí padà sí Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́.

"Yàrá Ìyá Rísí, ti Ìyá Rísí ni. Bàbá wa ló fi wọ́n síbẹ̀. Ọmọ kan ni wọ́n bí, àmọ́ odindi ìyàwó ni wọ́n. Ìdí-igi ni mo máa lò, Bàbá."

"Níbo làwa wá máa sùn?" Ọ̀rọ̀ náà já bọ́ lẹ́nu Wàsíù. Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ wò ó, ó wolẹ̀.

"Òótọ́ ló sọ," Àǹtí Káfáyà ní. "A pọ̀, ibi tá a wà ò gbà wá. Nítorí náà, èmi àti àbúrò mi Sìdíkátù máa lọ bá Ìyá Rísí, a máa bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n jẹ́ ká wá máa sùn lọ́dọ̀ wọn. Bí wọ́n bá gbà, àyè á ṣí sílẹ̀ fún àwọn ọkùnrin. Bí wọn ò bá gbà, yàrá wọn ni." Ó tún wo ìyá rẹ̀. "Ṣùgbọ́n kó jẹ́ pé àwa là ń bẹ̀ wọ́n, Bàbá. Kó má jẹ́ pé àwọn ni wọ́n ń bẹ̀ wá."

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn olóṣèlú, mo ti jókòó síbi tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń sọ̀rọ̀ ìjọba pẹ̀lú ìwé ńlá ńlá lọ́wọ́. Mi ò tíì gbọ́ èyí tó tó ìyẹn. Ẹni yòówù kó bẹ ẹnìkejì, ibùsùn kan náà ni, àwọn ènìyàn kan náà ni yóò sùn sórí rẹ̀, ilé náà ò sì fẹ̀ ju bó ṣe wà lọ. Ẹni tó ń tọrọ àti ẹni tí wọ́n ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ló yí padà, ibẹ̀ sì ni gbogbo iyì ìyá mi wà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nígbà náà débi pé ó dùn mí láyà. Mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ìyá Káfáyà," Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ wí, "o gbọ́ ohun tí ọmọ rẹ sọ."

Ìyálé wo ọmọ wọn títí. "Mo gbọ́, Bàbá," wọ́n ní. "Èmi ni mo bí i." N kò mọ̀ bóyá ẹ̀sùn ni wọ́n fi kan ara wọn tàbí ọpẹ́ ni wọ́n ń dá, bóyá àwọn náà ò sì mọ̀. Wọ́n dìde lórí àga, wọ́n kọjú sí ìyá mi. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, mi ò rí kí Ìyálé tọrọ nǹkankan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú ilé náà. "Ìyá Rísí," wọ́n ní, "àwọn ọmọ mi méjì ń wá àyè lọ́dọ̀ rẹ. Mo bá wọn bẹ̀ ọ́."

Ìyá mi, tí wọ́n ti wà lórí eékún láti ìgbà tó kàn wọ́n láti sọ̀rọ̀, dìde dúró. Wọ́n tún gèlè wọn ṣe, wọ́n sì wo ojú Ìyálé.

"Yàrá mi gbà wọ́n, mà," ìyá mi ní. "Kí wọ́n kó ẹní wọn wá."